Òrùlé Aṣọ Lórí Kẹ̀kẹ́: Láti Bẹẹrẹ dé Bẹyẹrúnkà

Ìbàdàn àtijọ́ ni a fẹ́ mú yín rìn lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìtàn ogun ni a fẹ́ sọ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àgbàlá àwọn olóyè ni a ń lọ. Òrùlé ni a fẹ́ kí ẹ bá wa wò, òrùlé kan tí ó ń wà lórí yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń lọ sí ọjà, tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò sì gbójú sókè wò rí. Aṣọ tí wọ́n fi bo orí kẹ̀kẹ́ Márúwá ni à ń wí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ ní Bẹẹrẹ, níbi tí ọ̀nà ti pàdé ọ̀nà. Bí àgbàlagbà bá gbọ́ orúkọ náà, a máa rántí koríko bẹẹrẹ tí àwọn baba wa fi ń bo ilé kí páànù tó dé, èyí tí wọ́n ń kó wá fún Aláàfin ní Ọ̀yọ́ nígbà ọdún Bẹẹrẹ. Àwọn baba wa kì í fi koríko bo ilé tán kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a gun òkè ilé, wọn a fa èyí tí ó ti jẹrà yọ, wọn a sì fi titun rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí páànù dé, àwọn ènìyàn rò pé wàhálà òrùlé ti dópin. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gun Òkè Màpó tí ẹ sì wo ìsàlẹ̀, páànù tí ó ti dípẹtà ni ẹ ó rí, pupa rúsúrúsú, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, títí ojú yín yóò fi rẹ̀. Kò sí òrùlé tí kì í fẹ́ ìtọ́jú. Ti koríko ń fẹ́ ẹ, ti páànù ń fẹ́ ẹ, ti aṣọ ni ó sì fẹ́ ẹ jù lọ.

Níbo ni òrùlé aṣọ yìí ti wá? Ní ilẹ̀ Ìtálì ni ilé-iṣẹ́ Piaggio ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta báyìí ní 1948, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá ohun tí kò wọ́n láti fi kó ẹrù. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Íńdíà, ó di ọkọ̀ èrò, láti Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ẹ ń rí ní Ìbàdàn sì ti wá. Orúkọ Márúwá tí a ń pè é, ti Ọ̀gágun Buba Marwa ni, ẹni tí ó ṣe gómìnà ológun ní Èkó láti 1996 títí di 1999, nítorí pé nígbà ìjọba rẹ̀ ni irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ìgboro Èkó. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá ètò NAPEP sílẹ̀ ní 2001 láti gbógun ti òṣì, tí wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́, orúkọ kejì tún lẹ̀ mọ́ ọn: kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù.

Òrùlé rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àwọn olówó tí ó ṣeé ká sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ṣe ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá ní irú bẹ́ẹ̀, láti 1949 títí di 1980. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun òrùlé méjèèjì, aṣọ tí a fi rọ́bà tàbí ike kùn, èyí tí a ń pè ní lẹ́dà, tàbí tapólì, ni awọ rẹ̀, òwú ni ó sì so ó pọ̀. Nítorí náà, ohun tí ó ń ya òrùlé ọkọ̀ olówó ní ìlú òyìnbó ni ó ń ya òrùlé kẹ̀kẹ́ ní Bẹẹrẹ, ọgbọ́n tí a fi ń tọ́jú ọ̀kan ni a sì fi ń tọ́jú èkejì.

Ẹ má ṣe sọ pé, "Kí ló kan èmi nínú rẹ̀? N kì í wa kẹ̀kẹ́." Ó kàn yín. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó kó owó ọjà jọ láti ra kẹ̀kẹ́ fún ọmọkùnrin tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ aya ni ó jẹ́ pé owó tí ọkọ rẹ̀ bá pa nídìí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé àti owó ilé-kéwú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó sì ń fi kẹ̀kẹ́ gbé èlùbọ́, gaàrí àti aṣọ wá láti ọjà. Bí òjò bá gba ojú ihò kan wọlé sórí àpò èlùbọ́, èrè ọjọ́ mẹ́ta lè bá omi lọ. Bí ó bá sì kán sórí ìwé Àlùkùránì ọmọ tí ó ń bọ̀ láti ilé-kéwú, ẹ mọ bí yóò ti dùn yín tó.

Ní Bẹẹrẹ, oòrùn ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ẹ ó rí. Ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ti ń dúró de èrò nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nínú lẹ́dà ni èròjà kan wà tí ó mú kí ó rọ̀. Oòrùn a máa fa èròjà náà jáde díẹ̀díẹ̀, títí aṣọ náà yóò fi gan, tí yóò sì máa dún gbàràgbàrà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ni ó sábà kọ́kọ́ kú. Òwú ni. Òwú tí kò nípọn, tí ó sì wà lójú rírán níta gbangba, ni oòrùn ń jẹ́ kíákíá. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí òrùlé tí aṣọ rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n tí ojú rírán rẹ̀ ti là bí ẹnu ẹja. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín ra òrùlé titun. Àtúnrán ni ó ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá gòkè lọ sí Màpó. Gbọ̀ngàn ńlá tí ẹ ń wò yẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1925 tí wọ́n sì ṣí ní 1929, tí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Taffy Jones sì jẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kò mira rárá. Kẹ̀kẹ́ tí ó ń gun òkè lọ bá a kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń gbọ̀n, bí ó bá sì bọ́ sínú kòtò, irin òrùlé a gbọ̀n mọ́ aṣọ lára. Níbi tí irin bá ti dípẹtà, tí ó sì ní ẹnu ṣóńṣó, á máa rẹ́ aṣọ náà láti inú wá bí ayùn. Ẹni tí ó wà níta kò ní mọ̀ títí ihò yóò fi yọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ kan yóò ya láìpẹ́, ẹ má wo òkè rẹ̀. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wo aṣọ náà láti abẹ́, ní pàtàkì níbi tí irin ti kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ wọlé tótóótó bí ojú ìràwọ̀, ó ti ń gbẹ̀mí mì.

Láti Màpó a sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ọjà Ìbà Olúyọ̀lé. Níbẹ̀ ni Mọ́sáláàsì Ńlá Ìbàdàn wà, níbẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ti ń ta ewé àti egbò. Ọ̀tá òrùlé tí ó wà níhìn-ín, ọwọ́ àwa èrò ni. Ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí ó di ẹrù mọ́ ọwọ́ kan, ohun tí ọwọ́ kejì yóò bá ni yóò dì mú kí ó tó wọlé. Aṣọ etí òrùlé ni ó sì máa ń bá. Ẹlòmíràn a fi ẹsẹ̀ apẹ̀rẹ̀ gún un láti inú. Awakọ̀ mìíràn a gbé ẹrù lé orí òrùlé, bẹ́ẹ̀ òrùlé aṣọ kò mọ ẹrù rù. Níbi tí ẹrù bá tẹ̀ wọnú, ibẹ̀ ni omi òjò yóò dúró sí. Omi tí ó dúró wúwo. Á fa aṣọ títí, ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ á sì di ohun tí ìka wọ̀.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, a kò ní láti kọ́ yín ní ohun tí omi lè ṣe. Àwọn tí ojú wọn ṣe omíyalé Ọ̀gùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ṣì wà láàárín wa. Omi kì í fojú di ihò kékeré, kí àwa náà má ṣe fojú di í.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á dúró ní Bẹyẹrúnkà, níbi tí ilé ti fara kan ilé. Bí awakọ̀ bá sún mọ́ ògiri jù nínú irú ọ̀nà tóóró báwọ̀nyí, etí páànù ilé lè gba òrùlé rẹ̀ ya. Ẹ jẹ́ kí á wá ibòòji jókòó sí, kí á sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe.

Bí a ṣe lè ṣe é kí ó má ya. Èkíní: kí á fi ọṣẹ lásán, omi àti búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Eruku ọyẹ́ tí ó wọnú ìṣẹ́po aṣọ dà bí yanrìn, ó ń ha á. Kí á má ṣe fi pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí bílíìṣì nù ún. Ó lè dán lónìí, ṣùgbọ́n yóò gan lọ́la. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti oje igi, kí á fọ̀ wọ́n dànù lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì: kí á má ṣe ká a nígbà tí ó tutù. Aṣọ ìbòjú òjò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, tí a bá yí i pọ̀ pẹ̀lú omi lára rẹ̀, yóò bu, yóò máa rùn, òwú rẹ̀ yóò sì jẹrà. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká gbọ́dọ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: kí ó gbẹ, kí ó mọ́, kí ó tó di kíká. Kí ó sì yẹ ibi tí òrùlé náà ń wọ̀ sí wò, nítorí nǹkan kékeré tí a gbàgbé síbẹ̀ lè gún un.

Ẹ̀kẹta: kí á fi sáńdípépà ha ìpẹtà ara irin kúrò, kí á kùn ún ní ọ̀dà, kí á sì fi túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere tí kò wúlò mọ́ wé irin náà níbi tí aṣọ ti ń fara kàn án. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Nínú gbogbo ohun tí a sọ, èyí ni ó ń gba òrùlé là jù.

Ẹ̀kẹrin: kí aṣọ náà le dáadáa lórí irin. Bí okùn tàbí bọ́tìnnì kan bá já, kí á rọ́pò rẹ̀ kíá. Òrùlé tí ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni atẹ́gùn ń gbá tí omi sì ń dúró lé. Bí kẹ̀kẹ́ bá sì ń sinmi, kí á gbé e sí ibòòji.

Bí ó bá ti wá ya ńkọ́? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Kí á tún un ṣe lọ́jọ́ tí ó ya. Kí á fọ ibẹ̀, kí ó gbẹ pátápátá, kí á sì fi sípírítì díẹ̀ nù ún kí ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Kí á gé lẹ́dà tí ó nípọn bákan náà, kí ó fi ìka méjì tàbí mẹ́ta tóbi ju ihò lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Kí á gé igun rẹ̀ ní róbótó, nítorí igun ṣóńṣó ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Inú ni kí á ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kì í ṣe òkè. Kí á fi sáńdípépà ra ojú méjèèjì díẹ̀, kí á fi gọ́ọ̀mù kùn ún, kí á dúró títí gọ́ọ̀mù yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tí yóò máa fà mọ́ ìka, kí á tó fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ń kánjú tí ó gbé e sáré lọ sínú òjò lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ asán ni ó ṣe.

Bí yíya náà bá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ojú rírán ni ó là, abẹ́rẹ́ ni ó kàn. Ẹ wá ẹni tí ń ran ìjókòó ọkọ̀, tàbí ẹni tí ń rán bàtà tí ó ní òòlu. Òwú náílọ́ọ̀nù tí ó nípọn ni kí ó lò, kì í ṣe òwú aṣọ wíwọ̀, nítorí òwú bẹ́ẹ̀ a máa mu omi, a sì máa jẹrà. Bí ihò tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá ṣì le, kí ó gba inú wọn. Bí ó bá ń lu titun, kí ó má ṣe lù wọ́n súnmọ́ra jù. Ẹ rántí bí páálí tí a fi abẹ́rẹ́ gún léraléra ti rọrùn láti ya; bẹ́ẹ̀ ni lẹ́dà rí. Bí ó bá rán an tán, kí ó fi àbẹ́là ra ojú rírán náà kí omi má baà gba ihò abẹ́rẹ́ wọlé.

Bí aṣọ náà bá sì ti gan, tí ó ń họ, tí òwú ń fà á ya bí a ti ń rán an lọ, ẹ dáwọ́ dúró. Owó tí ẹ ó fi lẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yóò ju owó titun lọ. Ọjà Araromi ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí tí ó sì wúwo jù. Ẹ jẹ́ kí á mú un pé ìyá kan ra kẹ̀kẹ́, ó gbé e fún ọmọ aládùúgbò láti máa wà, kí ó máa mú owó wá lójoojúmọ́. Oṣù kẹfà, òrùlé ya. Ìyá ní, "Ìwọ ni o ya á." Ọmọ ní, "Ẹ máa bínú o, Alájà, ó ti gbó kí ẹ tó gbé e fún mi." Ta ni yóò sanwó? Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ilé méjì tí ó ń gbé oúnjẹ ìtúnu fún ara wọn nígbà Àwẹ̀ kò fi ní kí ara wọn mọ́. Ọlọ́run Ọba ti kọ́ wa nínú Súrátù Bákárà pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí á sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Ẹ fi ẹ̀kọ́ yẹn bá ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ lò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé kẹ̀kẹ́ léni lọ́wọ́, kí ẹ jọ wo òrùlé rẹ̀ láti inú àti láti òde, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá ya láti ọwọ́ èrò, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá jẹ́ pé ogbó ni ó pa á. Kẹ̀kẹ́ tí a gbé léni lọ́wọ́, àmáánà ni.

Bákan náà ni fún ẹni tí ó bá fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa fi sítíkà aláràbarà bo ojú yíya kí wọ́n tó gbé e síta. Ẹ rántí pé Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà rí, ó sì bá a pé abẹ́ rẹ̀ tutù. Ẹni tí ó ń tà á ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ fún àwọn tí ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ rà á rí ojú yíya náà, kí ẹ jọ dá iye rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé irin ni kí wọ́n dì mú bí wọ́n bá ń wọ kẹ̀kẹ́, kì í ṣe aṣọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ má ṣe rò pé abẹ́rẹ́ kò yẹ ọkùnrin. Ìyá wa Àíṣátù, aya Ànábì, ròyìn pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run a máa rán aṣọ ara rẹ̀ nínú ilé, a sì máa tún bàtà rẹ̀ ṣe. Bí ẹni tí ó ga jù nínú ẹ̀dá bá lè mú abẹ́rẹ́, kí ni ti awakọ̀ Bẹyẹrúnkà?

Nígbà tí ẹ bá tún wọ kẹ̀kẹ́ ní Bẹẹrẹ, ẹ gbójú sókè wo òrùlé kí ẹ tó wo ọ̀nà. Bí ẹ bá rí ihò, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún awakọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òjò bá wa níbi tí kò sí ààbò, kí ó sì fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.